Bàbá Tó Wà Nínú Ìwé Mi

Tíṣáàtì ìpolongo ìbò mẹ́fà ni mo ní, mi ò sì tíì dìbò rí láyé mi. Ojú ọkùnrin mẹ́rin àti ti obìnrin kan ló wà lára wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ló pààrọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú láàárín ìdìbò kan sí èkejì, ó sì tún aṣọ ṣe kí a má bàa rò pé ẹlòmíràn ni. Mo fi ọ̀kan nu ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi ń fi ọ̀kan sùn, àwọn yòókù wà nínú àpótí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ìdìbò agbègbè wa láti ọdún 2000 títí dé 2011, kó wá sílé mi, màá tú àpótí fún un. Mi ò ní dárúkọ agbègbè náà, torí àwọn tó jókòó sórí àga rẹ̀ ṣì wà láyé, ara mi ò sì gba ẹjọ́ mọ́.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe jẹun. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí mairie, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun, tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀, tí wọ́n sì ti ń kọ orúkọ òkú. Ẹni tó bá fẹ́ gbàwé kankan níbẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló máa kọ́kọ́ yà, kí n bá a ṣe fotokọ́pì, kí n sì bá a tẹ lẹ́tà. "Je soussigné" ni gbogbo lẹ́tà wọ̀nyẹn fi ń bẹ̀rẹ̀: èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí. Mo ti tẹ̀ ẹ́ débi pé ìka mi mọ̀ ọ́n ju orí mi lọ. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ní Abidjan mọ ìwé tó yẹ kéèyàn ní, èmi ni. Èmi yìí kan náà ni mi ò ní ìwé.

Ṣakí ni bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wá. Bàbá Àgbà ni gbogbo àwa ọmọ ilé ń pe ẹ̀gbọ́n náà. Ó ń ta aṣọ ní ọjà Adjamé, bàbá mi sì ń bá a kó ọjà lọ sí Bouaké. Nígbà ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì ń dìbò. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Nígbà yẹn, ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ tó bá ń gbé níbí, ó ń dìbò níbí. Àwọn oníṣòwò Ṣakí àti Ìgbòho á wọ agbádá, wọ́n á tò, wọ́n á ju ìwé sínú àpótí, wọ́n á sì padà sí ọjà kí oòrùn tó mú. Ìgbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú di púpọ̀ ni òfin yí padà, tí ó di pé ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè dìbò.

Bàbá mi ti di ọmọ orílẹ̀-èdè kí wọ́n tó bí mi. Oníbàárà rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ló gbà á nímọ̀ràn, ó kọ̀wé, wọ́n sì fún un. Bàbá Àgbà ní tòun, òun ò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, Ṣakí ni wọ́n sin ibi òun sí. Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ṣe ń gbé inú agbo ilé kan nìyẹn, ọ̀kan ọmọ ìlú, ọ̀kan àlejò, tí wọ́n ń jẹun nínú àwo kan. Kò sí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ náà sí. Wọn kì í tilẹ̀ í sọ ọ́.

Nígbà tí ọdún 1999 ń parí lọ, ìbọn dún nígboro, àwọn ológun sì gba ìjọba. Láti ìgbà náà, kò sí ibi téèyàn dúró sí tí wọn ò ní máa bi í pé ọmọ ta ni. Nínú bọ́ọ̀sì, ní ọjà, ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, gbogbo ọ̀rọ̀ di ta ni ọmọ ìlú, ta ni àlejò. Mo ti fẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Títí di àkókò yẹn, mi ò ronú nípa ìbò ju bí mo ṣe ń ronú nípa òṣùpá lọ.

Gọ́tà ló kó mi sí i. Lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa, gọ́tà ńlá kan wà tó máa ń kún bo ojú ọ̀nà nígbà òjò. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Láàárọ̀ ọjọ́ òjò, Bàbá Àgbà á ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orókún, á gbé mi sọ́rùn, á sì gbé mi la omi náà kọjá dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, kó tó máa lọ sí ọjà. Mo dàgbà tán, gọ́tà ò yí padà. Ní ọdún 2000, olùdíje kan fún ipò aṣòfin pèpàdé sí àgbàlá ilé ìwé náà. Mo dìde, mo ní ọ̀rọ̀ gọ́tà ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń pín tíṣáàtì wò mí, ó ní:

"Tantie, tu votes où?"

Ó ń bi mí pé ibo ni mo ti ń dìbò. Mo ní mi ò tíì forúkọ sílẹ̀. Ó ní, "Ah, dans ce cas, assieds-toi." Kí n yáa jókòó. Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Mo jókòó lóòótọ́, ó sì ju tíṣáàtì kan lé mi lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ni àkọ́kọ́ nínú mẹ́fà. Ojú tì mí débi pé mi ò lè dìde lọ títí ìpàdé fi parí. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé olùdíje tó bá tún wá sí àgbàlá yẹn, màá dìde pẹ̀lú káàdì ìdìbò lọ́wọ́, màá sì sọ̀rọ̀ gọ́tà mi dópin.

Mo lọ sí kọ́ọ̀tù láti gba ìwé ẹ̀rí ọmọ orílẹ̀-èdè. Mo kó ìwé ọjọ́ ìbí tèmi dání, mo kó ìwé bàbá mi àti ìwé ìgbéyàwó ìyá mi dání, ọkàn mi balẹ̀. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kà á lọ, ó kà á bọ̀.

"Bàbá rẹ, ọmọ Nàìjíríà ni."

"Rárá, Mọ̀síọ̀. Ìwé bàbá mi ló wà lọ́wọ́ yín yẹn."

"Ẹni yìí kọ́ ló wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà níbẹ̀." Ó tún gbé ìwé ìgbéyàwó ìyá mi wò. "Màmá rẹ, àbúrò ló fẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló bímọ fún. Àbí àwọn méjèèjì ló ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà?"

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ti kú nígbà náà, kò sí níbẹ̀ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo kó ìwé mi, mo sì fi Yorùbá bú akọ̀wé náà láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí mo fi dé ibùdókọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ̀yin náà má bàa rò pé ilé wa dàrú. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí mi, Bouaké ni bàbá mi wà. Bàbá Àgbà wọ agbádá funfun, ó lọ sí mairie láti kọ orúkọ mi. Wọ́n bi í pé ta ni bàbá ọmọ, ó ní òun ni. Lójú tirẹ̀ kò purọ́. Òun ni olórí ilé, òun ló fẹ́yàwó fún àbúrò rẹ̀, ọmọ tí àbúrò bá sì bí, ti ẹ̀gbọ́n ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn náà fún wa, tayọ̀tayọ̀, bí akọ̀wé ṣe kí i kú oríire tó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí bàbá mi ti Bouaké dé, tí wọ́n fi ìwé náà hàn án, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Kí ni ì bá tún ṣe? Àbúrò tó bá dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń pariwo ọmọ mi, ọmọ mi, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Títí mo fi dàgbà, mi ò gbọ́ ọ kí bàbá mi pè mí ní ọmọ òun lójú Bàbá Àgbà. "Ọmọ yín" ló máa ń wí. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín ti ilé ìwé dé. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín ń ṣe ibà. Nígbà tí wọ́n bí àwọn àbúrò mi méjèèjì, bàbá mi wà nílé, òun ló sì lọ kọ wọ́n. Ọmọ orílẹ̀-èdè làwọn. Ìyá kan, bàbá kan, yàrá kan náà ni wọ́n ti bí wa, èmi nìkan ni mo ń mú káàdì àlejò kiri. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ti rí i pé orúkọ Bàbá Àgbà ló wà nínú ìwé mi. Mo rẹ́rìn-ín ni, mo sì pa ìwé náà dé, mi ò rò pé ó lè di ẹjọ́ lọ́jọ́ kan.

Wọ́n sọ fún mi ní kọ́ọ̀tù pé ọ̀nà kan ló wà. Kí Bàbá Àgbà kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó sì wá sọ ọ́ níwájú adájọ́ pé òun kọ́ ni bàbá mi. Kí bàbá mi wá ní òun ni. Ìyókù á rọrùn. Mo gba ilé lọ pẹ̀lú ayọ̀. Mo bá àwọn méjèèjì lórí ẹní lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, mo kúnlẹ̀, mo sì rò ó fún wọn.

Bàbá Àgbà ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Kí n lọ síwájú adájọ́, kí n ní èmi kọ́ ni bàbá rẹ? Kí lo fi ṣe mí?"

"Ìwé lásán ni, Bàbá Àgbà. Nínú ilé, kò sí ohun tó yí padà."

"Ẹyin lohùn. Tó bá bọ́, ó fọ́ nìyẹn. Kí àwọn ọmọ mi wá gbọ́ lọ́la pé mo dúró ní gbangba mo kọ ọ̀kan nínú wọn? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Mo wo bàbá mi, kó bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹní ni bàbá mi ń wò. "Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá wí náà ni," ló wí. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń ṣe bàbá jù, èkejì ò ṣe é tó, èmi tí mo wà láàárín ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Ìdìbò sí ilé aṣòfin wáyé ní ìparí ọdún yẹn. Ẹgbẹ́ ńlá kan ní àwọn ò kópa, ọ̀pọ̀ ènìyàn àdúgbò wa sì jókòó sílé. Mo bá bàbá mi lọ, mo dúró ní ẹnu géètì. Àgbàlá ilé ìwé dá páropáro. Àwọn olùtọ́jú àpótí ń tòògbé. Bàbá Àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà ní fàráńdà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìbò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ìdìbò tí kì í bá àbúrò rẹ̀ lọ. Á jókòó síta, á gbé ọ̀pá lé itan, á máa dúró dè é. Ọkùnrin tó wà lára tíṣáàtì mi àkọ́kọ́ ló wọlé. Ọdún márùn-ún ni wọ́n yàn án fún.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ogun bẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀ pín sí méjì, a ò sì gbúròó ìdìbò mọ́. Ọdún 2005 dé, ó yẹ kí a yan aṣòfin tuntun, a ò yàn án. 2006 kọjá. 2007 kọjá. Wọ́n ní ó dìgbà tí wọ́n bá mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ìlú, kí wọ́n tó lè mọ ẹni tó máa dìbò. Ẹni tí a fún ní ọdún márùn-ún wá lo bí i mọ́kànlá. Mi ò sọ pé ẹ̀bi rẹ̀ ni, bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó wọlé ti mọ̀wé kà, gọ́tà náà sì ń kún. Nígbà tí òjò bá rọ̀, mo máa ń wo àwọn bàbá tó gbé ọmọ sọ́rùn lọ sí ilé ìwé láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, inú á sì bí mi títí di ọ̀sán.

Èmi náà ń lọ, mo ń bọ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró, tí wọ́n wo káàdì mi, wọ́n á ní, "Nigériane? Wọ́n bí ọ níbo?" Mo ní níbí. "Ìyá rẹ ńkọ́?" Níbí náà ló kú sí. "Àti bàbá rẹ?" Ibẹ̀ ni ẹnu mi máa ń wúwo, torí mi ò mọ èwo nínú wọn ni kí n wí.

Nígbà tó yá, wọ́n rán adájọ́ sí àdúgbò. Inú kíláàsì ló jókòó sí, ó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọn ò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí wọn, kí wọ́n lè ní ìwé. Ìlà náà yí ilé ìwé ká. Ṣọ́ọ̀bù mi kún, èmi àti ẹ̀rọ fotokọ́pì ò simi. Oníbàárà mi kan, obìnrin tó ń ta kẹ̀kẹ́ ìránṣọ, sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí, ó ní, "Má dààmú, ma sœur. Lọ tò. Sọ pé wọn ò kọ ọ́ rí. Mú bàbá rẹ gidi lọ, kí wọ́n kọ ọ́ ní tuntun. On va faire comment?" Kí la fẹ́ ti ṣe é?

Mo rò ó fún ọjọ́ méjì. Èmi ni mo ń ṣe fotokọ́pì fún àwọn tó ní ìwé ọjọ́ ìbí méjì. Èmi ni mo rí bí wọ́n ṣe ń sunkún nígbà tí ọ̀kan bá tú èkejì fó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti lò láyé. Kí n wá gbọ́wọ́ sókè kí n búra pé wọn ò kọ mí rí, nígbà tí Bàbá Àgbà wọ agbádá funfun nítorí mi? Mi ò lè ṣe é. Mo tún padà sórí ẹní, mo tún kúnlẹ̀.

Bàbá Àgbà ní ohun tí òun sọ lọ́dún náà lòun ṣì ń sọ. Ni mo bá gbàgbé ara mi. Mo dìde dúró lé e lórí, mo ní, "Ẹ ti fi ìfẹ́ bà mí láyé jẹ́! Àwọn tí ẹ ò fẹ́ràn tó mi ní ìwé!"

Bàbá mi, tí kì í pariwo, pariwo lé mi lórí: "Kúnlẹ̀!" Mo ti lé ní ẹni ọdún márùndínlógójì. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo sì ní ọmọ méjì. Mo kúnlẹ̀. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Bàbá Àgbà, ó sì ní òun ti gbà. Omijé ìbínú ló ń bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ti ìrònúpìwàdà ni. Mo jẹ́ kí wọ́n rò ó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá tẹ ìwé orúkọ jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìwé. Orúkọ bàbá mi wà nínú liste blanche, ìyẹn àwọn tí kò sí iyèméjì lórí wọn. Àwọn tí wọ́n ń ṣiyèméjì lórí wọn wà nínú liste grise. Wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n ń sunkún, kí n bá wọn tẹ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Mo bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mo jowú wọn. Ẹni tí wọ́n ń ṣiyèméjì lórí rẹ̀, wọ́n ti kà á. Èmi, wọn ò tilẹ̀ bá mi dé ibi iyèméjì.

A yan ààrẹ ní 2010, a sì mọ ohun tó tẹ̀lé e. Fún bí oṣù mẹ́rin, ìbọn ò jẹ́ ká jáde. Wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lọ, wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ sílẹ̀ torí ó wúwo. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ padà. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n kéde pé ní Oṣù Kejìlá 2011, a máa yan aṣòfin.

Olùdíje pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, tíṣáàtì sì pọ̀. Obìnrin kan wà nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí. Kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú, aṣọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Òun nìkan ló wọ bàtà òjò wá wo gọ́tà náà. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, ó fi igi wọn bó ṣe jìn tó, ó sì bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta tó mọ́gbọ́n dání. Kò bi mí níbi tí mo ti ń dìbò. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn wọlé ju bí mo ṣe fẹ́ ohunkóhun lọ lọ́dún yẹn.

Mo lọ bá bàbá mi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn nígbà náà, kò lè mọ àwòrán ojú ènìyàn lórí ìwé. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Màá fi ìbò mi ṣe tìrẹ. Ìwọ ni kí o mú ọwọ́ mi lọ síbi àwòrán rẹ̀." Mi ò retí rẹ̀. Mo fọ agbádá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì lọ̀ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, àwa mẹ́ta la lọ. Bàbá mi di èjìká mi mú, Bàbá Àgbà ń tẹ ọ̀pá rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ní fàráńdà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Àwa méjì wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ olórí ibẹ̀ gba káàdì bàbá mi, ó rí orúkọ rẹ̀, ó na ìwé ìdìbò sí i. Mo ní ojú ń dùn wọ́n, èmi ni màá ràn wọ́n lọ́wọ́.

"Kò burú, òfin gbà á. Káàdì ìdìbò tìrẹ dà? Ẹni tó bá máa ràn án lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ olùdìbò."

Mo ní mi ò ní.

"Kí ni o jẹ́ sí i?"

Nínú ìwé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Bàbá mi yí ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa síbi tí ohùn náà ti wá. Ó tún agbádá rẹ̀ ṣe sí èjìká. Ó wá sọ ọ́ ní Faransé tó fi ń tajà ní Bouaké, ó sì pariwo rẹ̀ débi pé fàráńdà gbọ́:

"C'est ma fille! C'est moi qui l'ai mise au monde!" Ó sì tún un sọ ní Yorùbá, láìbojú wẹ̀yìn: "Ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí i."

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti wà láyé, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nìyẹn. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá Àgbà kò gbé orí sókè. Ó ń wo ìdí ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ṣàfojúdi, àánú tilẹ̀ wà nínú ohùn rẹ̀. Ó ní:

"Le vieux, ça là, c'est au tribunal il fallait parler ça."

Kọ́ọ̀tù ló yẹ kẹ́ ẹ ti sọ ọ́. Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Mo tètè sọ ọ́ sí bàbá mi létí pé kó ka àwòrán láti òkè, ẹ̀karùn-ún ni. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì. Nígbà tí bàbá mi jáde, tàdáwà ti wà ní ìka rẹ̀, òógùn sì wà ní iwájú orí rẹ̀. "Mo kà á," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ìlà orí ìwé ni mo fi ṣe ìkíní." Agbẹ̀bí náà kò wọlé. Mi ò mọ ẹni tí bàbá mi dìbò fún, òun náà ò sì mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo rí agbádá funfun lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Bàbá Àgbà kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi rí. Ènìyàn méjì ti wà níwájú rẹ̀. Mo ní kó bọ́ síwájú, ó kọ̀, ó ní òun á dúró kó kàn òun. Nígbà tó kàn án, ó jókòó sórí àga tó kọjú sí mi.

"Tẹ̀ ẹ́," ó ní.

"Kí ni kí n tẹ̀, Bàbá Àgbà?"

"Ìyẹn tí o ti ń bẹ̀ mí fún láti ọjọ́ yìí. Mo gbọ́ àbúrò mi lọ́jọ́sí. Kò yẹ kó tó ọjọ́ orí yìí kó tó rí ẹnu sọ ọ́."

Ó di ọdún márùn-ún sí i kí ìdìbò mìíràn tó dé, bó bá dé. Mo ki ìwé bọ ẹ̀rọ. "Je soussigné" jáde fúnra rẹ̀. Ibi tí ó kàn, "déclare ne pas être le père de", ìyẹn pé òun kọ́ ni bàbá, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un, mo ti bínú fún un, mo ti kúnlẹ̀ fún un. Ìka mi dúró lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ̀ ẹ́ ṣì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yọ ìwé jù nù. Ó ń wò mí. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo tẹ̀ ẹ́ dópin.

Ó ní kí n kà á fún òun ní Yorùbá. Mo kà á. Orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tí wọ́n bí i sí, pé òun kọ́ ni bàbá mi, pé kò sí ẹni tó fi agbára mú òun sọ ọ́. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó wá ní:

"Ṣé o kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ń gbé ọ la omi kọjá?"

Mo wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé mo lè rí ibi tí màá fi í sí.

"Kò sí àyè fún un níbẹ̀, Bàbá Àgbà."

Ó mi orí. Ó ní kí n fún òun ní báírò.